Ọgbẹ́ Ìgbà Èwe Kì Í Ṣe Ìwà Burúkú

Kò sí agbo ilé kan ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Èrúwà àti Láńlátẹ̀ títí dé Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn, tí a kò ti lè rí ẹnì kan tí àwọn ará ilé ń sọ nípa rẹ̀ pé, "Ìwà rẹ̀ nìyẹn, kò lè yí padà." Ó lè jẹ́ ọkùnrin tí ó ń bínú fùfù lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó lè jẹ́ obìnrin tí kò lè bá ẹnikẹ́ni gbé pẹ́, tí ó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fẹ́ràn rẹ̀ lónìí, yóò wá ìjà tí yóò fi lé onítọ̀hún lọ ní ọ̀la. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ń fi igbe jí lóru, tí àyà rẹ̀ ń já bí a bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, tí ó sì gbà nínú ọkàn ara rẹ̀ pé òun kò wúlò fún ohunkóhun.

Àwọn aládùúgbò a máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oníjàgídíjàgan; àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ń ṣe é; àwọn mìíràn a sì ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà tí ń tọ́jú àìsàn ọkàn ti rí i pé púpọ̀ nínú irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó ń ru ọgbẹ́ tí wọ́n ti gbà láti ìgbà èwe. Bí a bá mọ ọgbẹ́ náà, tí a sì pè é ní orúkọ rẹ̀, ìtọ́jú wà fún un. Bí a bá pè é ní orúkọ mìíràn, ọdún a máa gorí ọdún, ìtọ́jú kò sì ní dé ibi tí ọgbẹ́ wà.

Ọgbẹ́ tí Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Ṣoṣo Dá

Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ìlú Ìgàngàn. Ó kéré tán, ènìyàn 11 ni ó pàdánù ẹ̀mí wọn. Iná jó ààfin Aṣígàngàn, ó sì jó ilé àti ọkọ̀. Ẹni tí ó bá rí irú òru bẹ́ẹ̀, yálà àgbà ni tàbí ọmọdé, kò jẹ́ tuntun bí oorun bá dá lójú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí bí ìró ọ̀kadà lóru bá mú kí ó dìde jókòó. Ẹ̀rù tí ó tọ́ ni. Ní ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ a máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, pàápàá bí ará àti ọ̀rẹ́ bá wà ní tòsí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kì í rọlẹ̀ ní ara àwọn kan. Àìsàn tí ó ti inú rẹ̀ wá ni àwọn dókítà ń pè ní PTSD. Ní ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ orúkọ yìí sínú ìwé àkójọ àìsàn wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ìyà tí ó ń jẹ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun Vietnam dé. Àmì mẹ́ta ni a fi ń dá a mọ̀. Èkíní ni pé ohun tí ó ti kọjá ń padà wá bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, lójú àlá tàbí ní ọ̀sán gangan. Èkejì ni pé onítọ̀hún ń sá fún ibi, fún ènìyàn àti fún ọ̀rọ̀ tí ó lè rán an létí. Ẹ̀kẹta ni pé ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń ṣọ́ ewu tí kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́ pé ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ọgbẹ́ tí ó Díjú

Ọgbẹ́ kejì wà tí ó yàtọ̀ sí ti òru kan ṣoṣo. Èyí ni ọgbẹ́ tí a ń dá léraléra, ní oṣù dé oṣù, ní ọdún dé ọdún, ní ibi tí ẹni tí a ń ṣe é sí kò ti lè sá lọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà ọwọ́ tí ó ń ṣe é léṣe ni ọwọ́ tí ó ń fún un ní oúnjẹ.

A lè fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé rẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. A mú ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ kan láti abúlé oko lọ sí ìlú ńlá láti máa gbé lọ́dọ̀ ìbátan. Àwọn òbí rẹ̀ rò pé yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ilé náà, kí àkùkọ tó kọ ni ó ti gbọ́dọ̀ jí. Bí ó bá tọ̀ sílé, a óò nà án, a óò sì fi ṣe ẹlẹ́yà lójú àwọn ọmọ yòókù. Òun ni ó ń jẹun kẹ́yìn. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọkùnrin kan nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ ọ́ lóru. Nígbà tí ó gbìyànjú láti sọ ọ́, a pè é ní òpùrọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó fi padà sílé. Àwọn ará abúlé rí i pé ó ti ga, ó ti mọ aṣọ wọ̀, wọ́n sì dúpẹ́. Kò sí ẹni tí ó bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó ní ọkọ àti ọmọ kan. Bí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ ní oko, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí ọkọ náà bá dé, yóò bú u. Bí ìyá ọkọ bá sọ̀rọ̀ líle sí i, ojú rẹ̀ yóò di bí ojú ẹni tí kò sí níbẹ̀, a óò máa pè é, kò ní dáhùn. Ó ti di ẹrù rẹ̀ láti lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni ìdọ̀tí ni òun. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ìwà rẹ̀ kò dára.

Ní ọdún 1992, obìnrin dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Judith Herman, kọ ìwé tí ó fi hàn pé PTSD lásán kò tó láti ṣe àpèjúwe irú ọgbẹ́ báyìí. Ó ní kí a yà á sọ́tọ̀, kí a sì pè é ní èyí tí ó díjú. Ó gbà tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀: ní ọdún 2019 ni ìpàdé àjọ náà fọwọ́ sí àkójọ àìsàn tuntun tí ó ní orúkọ yìí nínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022.

Gẹ́gẹ́ bí àkójọ náà ti wí, ẹni tí ó ní PTSD tí ó díjú yóò ní àwọn àmì mẹ́ta tí a ti kà ṣáájú, yóò sì ní mẹ́ta mìíràn pẹ̀lú wọn. Kò lè kó ọkàn rẹ̀ níjàánu: ìbínú, ẹkún tàbí ẹ̀rù a máa bò ó mọ́lẹ̀, tàbí kí gbogbo ara rẹ̀ kú tipiri, kí ó má mọ nǹkan kan lára. Ó gbà pé òun kò já mọ́ nǹkan, ìtìjú àti ẹ̀bi sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó sì ṣòro fún un láti sún mọ́ ènìyàn, tàbí láti dúró ti ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn.

Ìdí tí ọgbẹ́ Èwe Fi Ń Jinlẹ̀

Ọmọdé kì í wá sí ayé pẹ̀lú ọkàn tí ó ti gbó. Ẹni tí ó ń tọ́ ọ ni ó ń kọ́ ọ bí a ti í fara balẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan sunkún, ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ó rẹ̀ ẹ́, ẹkún dá. Bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ọpọlọ ọmọ náà ń kọ́ pé bí ìbẹ̀rù tilẹ̀ dé, yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí ó sunkún, ìgbátí ni ó bá pàdé, tàbí pé kò sí ẹni tí ó wá, ẹ̀kọ́ mìíràn ni yóò kọ́: pé ayé léwu, àti pé kò sí olùgbàlà.

Nínú ọpọlọ ẹ̀dá, ibì kan wà tí ó dà bí ajá ìṣọ́lé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbó bí ewu bá dé. Nígbà náà, ọkàn yóò máa lù kìkì, iṣan yóò le, ara yóò múra láti jà tàbí láti sá. Bí ewu bá lọ, ajá yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n ajá tí a ń sọ ní òkò lójoojúmọ́ kò ní mọ olè yàtọ̀ sí àlejò mọ́. Gbogbo ẹni tí ó bá kọjá ni yóò máa gbó mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọpọlọ ọmọ tí ó dàgbà nínú ìbẹ̀rù. Ohùn tí ó ga díẹ̀, òórùn ọtí, ẹsẹ̀ tí ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tó láti mú kí ara rẹ̀ padà sí ọdún tí ó ti kọjá.

Ohun mìíràn tún wà. Ọmọdé kò lè gbà pé ẹni tí ó ń tọ́ òun ni ó burú, nítorí pé bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, kò ní ibi ìsádi kankan mọ́. Ó rọrùn fún un láti gbà pé òun fúnra òun ni ó burú, pé bí òun bá dára sí i, ìyà náà yóò dópin. Ìgbàgbọ́ yìí ni ó ń bá a dàgbà, tí ó sì ń di ìtìjú tí kò ní orúkọ.

Ohun tí Ìwádìí Fi Hàn

Ní ọdún 1998, àwọn dókítà ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà tí ó lé ní 9,000. Wọ́n bi wọ́n bóyá a nà wọ́n, bóyá a bà wọ́n jẹ́, tàbí bóyá wọ́n rí i tí a ń lu ìyá wọn, nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé, àti àwọn ìbéèrè mìíràn bẹ́ẹ̀. A rí i pé bí irú ìyà tí ènìyàn jẹ ní èwe bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ewu ìbànújẹ́ ọkàn, ọtí àmujù àti ìgbìyànjú láti pa ara ẹni ń pọ̀ sí i. Kódà àìsàn ọkàn tí ń lù ní àyà wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2014, tí ìjọba àti UNICEF lọ́wọ́ sí, fi hàn pé nǹkan bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni a ti hùwà ipá sí kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. A ti fi ipá bá ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ṣe ohun ìbàjẹ́.

Kò yẹ kí àwọn òǹkà wọ̀nyí mú kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ọmọ tí ó jìyà ni yóò ṣàìsàn. Púpọ̀ ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Lára àwọn ohun tí ó ń dáàbò bo ọmọ, ọ̀kan tí ó lágbára ni pé kí àgbàlagbà kan ṣoṣo wà tí ọmọ náà gbẹ́kẹ̀ lé: ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, olùkọ́, tàbí aládùúgbò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Àìsàn Ìwà àti Ààlà tí ó Wà Láàárín Wọn

Orúkọ kan tún wà tí àwọn dókítà ń lò, èyí tí a lè pè ní àìsàn ìwà. Kì í ṣe ìwà tí ó kàn ṣòro. Ó jẹ́ pé ọ̀nà tí ènìyàn gbà ń wo ara rẹ̀, tí ó sì gbà ń bá ẹlòmíràn lò, ti wọ́ fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nílé, níbi iṣẹ́ àti láàárín ọ̀rẹ́, tí ó sì ń fa ìnira fún un tàbí fún àwọn tí ó yí i ká. Ìwé àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Àkójọ tuntun ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kò pín in bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń béèrè ni bí ó ti le tó, bóyá ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó wà ní àárín, tàbí ó le gan-an.

Èyí tí ó jọ PTSD tí ó díjú jù lọ ni èyí tí a ń pè ní borderline, tí ó túmọ̀ sí etí ààlà, nítorí pé àwọn dókítà àtijọ́ rò pé ó wà ní ààlà láàárín oríṣi àìsàn ọkàn méjì. Ìyà ìgbà èwe wà nínú ìtàn ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní i, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ohun àjogúnbá pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn láti rí. Ẹni tí ó ní PTSD tí ó díjú sábà máa ń yẹra fún ènìyàn. Ojú burúkú kan náà ni ó fi ń wo ara rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ àtijọ́ sì ń lépa rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní etí ààlà ń bẹ̀rù jù lọ pé a óò fi òun sílẹ̀; a di mọ́ ènìyàn lónìí, a kọ̀ ọ́ lọ́la; ojú tí ó fi ń wo ara rẹ̀ a máa yí padà bí ọ̀gà; ó sì lè máa fi abẹ tàbí iná ṣe ara rẹ̀ léṣe. Àìsàn méjèèjì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi ìjókòó ọjọ́ kan dárúkọ àìsàn bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí ó Ṣìnà

Kí ni ó kan aláìsàn bí a bá fi orúkọ kan pè é dípò èkejì? Ó kàn án púpọ̀, nítorí pé orúkọ ni ó ń pinnu ìtọ́jú. Ní ọdún 1961, a gba ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà. Ó ń gé ara rẹ̀, ó ń sun ara rẹ̀. A sọ pé oríṣi wèrè kan tí a ń pè ní schizophrenia ni. A fún un ní oògùn líle, a fi iná mànàmáná ṣe ìtọ́jú orí rẹ̀, a sì tì í mọ́ yàrá kan ṣoṣo. Ó lo ọdún méjì lé oṣù méjì níbẹ̀, kò sì sàn. Ọmọbìnrin náà ni Marsha Linehan, ẹni tí ó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ó sì dá ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn tí ó wà ní etí ààlà. Ní ọdún 2011 ni ó sọ ìtàn ara rẹ̀ ní gbangba. Nígbà tí ó padà wo ìgbà náà, ó rí i pé orúkọ tí a fún òun kì í ṣe ti àìsàn òun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè rí fún obìnrin tí a ti sọ nípa rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ti di bí ojú ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹnì kan lè ní ẹ̀mí kan ni ó gbé e. Bí ó ti ń bú ọkọ rẹ̀, ẹlòmíràn lè ní wèrè ni, kí a dè é. Dókítà tí kò ní àkókò lè fún un ní oògùn oorun, kí ó sì ní kí ó máa lọ. Gbogbo wọn rí ohun kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè ìbéèrè tí ó yẹ: kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọ?

Ẹ̀kọ́ láti Àrò

Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ìmọ̀ àìsàn ọkàn. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò tí gbogbo ayé wá wò. Dípò kí a ti àwọn aláìsàn mọ́lé, wọ́n ń gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan kan sì ń bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá láti dáná fún un àti láti dúró tì í. Ní ọ̀sán, wọ́n ń gba ìtọ́jú. Ní alẹ́, wọ́n wà láàárín ènìyàn. Lambo kò kẹ́gàn àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ó bá wọn ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1961, òun àti àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí Alexander Leighton ṣáájú wọn, ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn abúlé àyíká rẹ̀ láti mọ bí àìsàn ọkàn ti rí láàárín àwọn Yorùbá. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1963.

Ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú kí ẹbí bá aláìsàn wá. Ẹbí mọ ìtàn, ẹbí mọ ìgbà tí nǹkan yí padà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn ọgbẹ́ èwe, ìṣòro kan wà tí ó yẹ kí dókítà àti ará ilé kíyè sí. Bí ó bá jẹ́ pé nínú ẹbí ni ọgbẹ́ náà ti wá, ẹni tí ó jókòó ti aláìsàn lè má mọ̀, ó lè mọ̀ kí ó máa tì í lójú, tàbí kí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó dá a. Aláìsàn kò ní lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, dókítà tí ó mọ iṣẹ́ yóò gbọ́ ti ẹbí, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáde díẹ̀, kí òun lè gbọ́ ti aláìsàn ní òun nìkan. Kò yẹ kí ẹbí bínú sí èyí. Ara iṣẹ́ ìwòsàn ni.

Ìtọ́jú Wà

Kò sí oògùn tí a lè gbé mì kí ọgbẹ́ èwe pòórá. Oògùn lè ran oorun lọ́wọ́, ó sì lè mú ìbànújẹ́ fúyẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni òpómúléró ìtọ́jú náà. Judith Herman ṣe àlàyé rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ààbò: a kò lè wo ọgbẹ́ ẹni tí a ṣì ń lù. Èkejì ni kí ó lè ka ìtàn ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé, títí ìtàn náà yóò fi di ohun tí ó ti kọjá. Ẹ̀kẹta ni kí ó padà sí àárín ènìyàn, sí iṣẹ́, sí ìdílé àti sí ayọ̀. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, ṣùgbọ́n àpá kì í ṣe egbò. Kì í dun ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí Òbí, Olùkọ́ àti Ará Ìlú Lè Ṣe

Àwọn òbí yóò béèrè pé, ṣé kí a má bá ọmọ wí mọ́ ni? Rárá o. Ọmọ nílò ìbáwí. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a ó fi fà á mọ́ra. Ohun tí ń dá ọgbẹ́ ni ìyà tí kò ní òdiwọ̀n, ìtìjú lójú agbo, èébú ojoojúmọ́, àti ìbàlòpọ̀ pẹ̀lú ọmọdé, èyí tí kò ní àwíjàre kankan. Bí ọmọ bá ń tọ̀ sílé, ìnà kò ní dá a dúró. Ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù ni ó fà á.

Kí olùkọ́ kíyè sí ọmọ tí ó ń mọ ìwé tẹ́lẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n mọ́, ọmọ tí ó ń fò bí a bá gbé ọwọ́ sókè, ọmọ tí kò fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ jáde, àti ọmọ tí ó ń sùn nínú kíláàsì nítorí pé kò sùn lóru. Kí ó bi í léèrè jẹ́jẹ́, ní ìkọ̀kọ̀. Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀, kí a gbà á gbọ́ títí a óò fi wádìí. Ọmọ tí a pè ní òpùrọ́ lẹ́ẹ̀kan lè má sọ ọ́ mọ́ títí ọjọ́ alẹ́. Kí ẹbí tí ó fi ọmọ sílé ìbátan máa lọ wò ó, kí wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn kò sí níbẹ̀.

Ohun kan tún yẹ kí a fi kún un. Ọgbẹ́ èwe ń ṣe àlàyé ìwà, kò sọ ìwà ìkà di ohun tí ó tọ́. Ẹni tí a lù ní èwe, tí òun náà wá ń lu ìyàwó, yóò dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ má jogún ọgbẹ́ náà.

Ibi tí a Lè Lọ

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó bá súnmọ́ni ni ibi àkọ́kọ́, láti ibẹ̀ ni a sì lè darí ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Èrúwà tàbí ní Igbó-Ọrà, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera Ìbàràpá láti ọdún 1963. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní UCH ní Ìbàdàn àti ní Àrò. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibùdó kan wà tí ó dá lórí ìlera ọkàn àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́.

Òfin pẹ̀lú ti yí padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a fọwọ́ sí òfin ìlera ọkàn tuntun fún Nàìjíríà, tí ó rọ́pò òfin wèrè tí ó ti wà láti ìgbà ìjọba àwọn Òyìnbó. Òfin tuntun náà ka aláìsàn ọkàn sí ènìyàn tí ó ní ẹ̀tọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti ọdún 2006. Ẹni tí ó bá ń ba ọmọ jẹ́, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi abẹ́ ilé bò.

Ojú mẹ́rin ni ó ń bí ọmọ, igba ojú ni ó ń tọ́ ọ. Obìnrin tí ó ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ ní oko ti ṣe ọmọ ọdún mẹ́jọ rí, igba ojú sì wà nígbà náà tí kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣì lè rí ìwòsàn, bí ẹnì kan bá jókòó tì í lónìí, tí ó dákẹ́, tí ó sì gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mìíràn sì wà tí a ń di ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí láti gbé e lọ sí ìlú. Kí igba ojú bá a lọ.